Lẹ́tà ṣíṣí sí Olórí Ìlú Lisbon: wọ́n ń gé eegun àwọn ilé Baixa

Sí Olórí Ìlú Lisbon àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìlú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. A mọ̀ pé ẹrù tó wà léjìká yín kò kéré, a sì fi ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò yín kọ ìwé yìí. Gbangba la kọ ọ́ sí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ń sùn, tó ń tajà, tàbí tó kàn ń gba Baixa, àdúgbò àtijọ́ àárín ìlú Lisbon, kọjá, láti gbàgede Rossio títí dé etí omi ní Praça do Comércio.

Ẹ̀sùn wa nìyí: wọ́n ń gé eegun àwọn ilé Baixa lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ojú ilé tí wọ́n kùn tó ń dán gbinrin. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń ya fọ́tò ojú ilé. Inú ilé ni ayùn ti ń ké. Ní ìdájí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìmìtìtì ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5.3 láti inú òkun ẹ̀bá Sines jí yín lójú oorun. Ní oṣù kejì ọdún 2025, òmíràn tó kéré sí i tún wáyé nítòsí Seixal, ní òdìkejì odò Tejo níbẹ̀ yẹn. Àwo ló mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tán. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ka ti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755 sí 8.5 ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan péré tó bá gùn sókè lórí ìwọ̀n yẹn jẹ́ agbára ìlọ́po bíi 32. Ẹ ti gbé fèrè ìkìlọ̀ ìgbì òkun sí Ribeira das Naus, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ló máa kọ́kọ́ wó kí omi tó dé.

1. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń gé.

Lẹ́yìn ìmìtìtì 1755, lẹ́yìn omi òkun tó ya wọ ìlú àti iná tó jó fún ọjọ́ bíi márùn-ún, iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Manuel da Maia, olórí ẹnjiníà ọba, bàbá tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, pẹ̀lú Eugénio dos Santos àti Carlos Mardel. Wọn ò kàn tún ilé kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láti àjà kìíní lọ sókè, wọ́n fi igi ṣe àgò sínú ilé. Gaiola ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe àgò ẹyẹ.

Ògiri inú ilé tó jẹ́ ara àgò yìí ni frontal. Igi ìdúró wà níbẹ̀, igi ìdábùú wà níbẹ̀, láàárín wọn sì ni igi méjì tó kọjá lórí ara wọn bí X. Káfíńtà gé ìdajì inú ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n ti pàdé kí wọ́n lè wọ inú ara wọn gẹ́lẹ́, ó sì fi ìṣó tí alágbẹ̀dẹ rọ kàn wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà wá kó àfọ́kù bíríkì àti òkúta pẹ̀lú àpòpọ̀ ẹfun àti iyanrìn dí àlàfo, tó sì rẹ́ ẹ. Gbogbo nínípọn rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ògiri yàrá lásán ni.

X yẹn ni iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ilé sápá ọ̀tún, igi kan nínú méjèèjì á gba ẹrù náà. Bó bá tì í sápá òsì, èkejì á gbà á. Ẹfun á já bọ́, bíríkì á sán, ìṣó á tẹ̀, igi á ké, ògiri ò sì ní ṣubú lọ́gán. Ní LNEC, ilé ìwádìí iṣẹ́ ẹnjiníà ti ìjọba, àti ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Instituto Superior Técnico, wọ́n ti gbé irú ògiri yìí sídìí ẹ̀rọ, wọ́n tì í síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn. Ó tẹ̀, ó tẹ̀, kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ẹni inú ilé nílò nìyẹn: ilé tó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó wó, kí èèyàn ráyè jáde.

Ojú ilé tó kọjú síta ńkọ́? Òkúta ni, ó nípọn ju frontal lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó jọ alágbára, àmọ́ bí ilẹ̀ bá mì, ìta ló fẹ́ dà sí, sórí àwọn tó ń sá lọ. Ohun tí kò jẹ́ kó dà ni àwọn igi kékeré tí wọ́n rì sínú òkúta láti ara àgò. Mãos ni àwọn káfíńtà ń pè wọ́n, èyí ni ọwọ́. Àgò na ọwọ́, ó di ojú ilé mú. Bí ẹ bá wá gé frontal kúrò, ọwọ́ á ṣì wà nínú òkúta o, ṣùgbọ́n kò sí ara tó ni ín mọ́.

2. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n pe frontal ní ìgànná lásán.

Irú ògiri kejì wà nínú àwọn ilé wọ̀nyí, tabique: pákó ìdúró pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ ọn, tí wọ́n fi ẹfun rẹ́. Yàrá ló ń pín, kò gbé nǹkan kan. Ẹ lè yọ ọ́ lónìí kí ilé má mọ̀. Lórí pílánù, ìlà méjì ni frontal, ìlà méjì ni tabique. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti rí yàrá mẹ́ta sí i lórí àjà kan kò ní yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Bẹ́ẹ̀, mímọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò le. Ẹ wọn nínípọn ògiri létí férémù ilẹ̀kùn: tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fura. Ẹ gòkè lọ sí àjà tó tẹ̀ lé e, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀: frontal máa ń to ara rẹ̀ léra ní ìlà kan náà láti àjà kìíní títí dé abẹ́ òrùlé, tabique kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìlà ìṣó lórí pákó ilẹ̀. Ìlà yẹn ló ń fi ibi tí igi àjà gbà hàn, ẹ ó sì rí i bóyá orí ògiri yìí ni igi àjà sinmi lé. Níkẹyìn, ẹ ha ìrẹ́ kúrò ní ojú ibi méjì, sẹ̀ǹtímítà 40 níbùú, 40 lóròó: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan láàárín ògiri. Bí igi tó dàgẹ̀rẹ̀ bá yọjú, kí ayùn dúró. Kò gba káfíńtà kan ju ìdajì ọjọ́ lọ lórí àjà kan.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń bá a pé ti ìsàlẹ̀ ti lọ tipẹ́, bóyá láti ayé àwọn òǹtajà ọ̀rúndún ogún, tí frontal òkè sì ń gbé lórí igi àjà tí wọn kò ṣe fún un. Ẹ̀rí rẹ̀ kò fara sin. Ilẹ̀kùn ò ní dé mọ́. Bọ́ọ̀lù ọmọdé tí ẹ bá gbé sílẹ̀ á yí lọ sí àárín yàrá fúnra rẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sórí ilẹ̀ kó lè tẹ́jú, kí wọ́n sì fi táìlì bò ó. Ẹrù tuntun lórí igi tó ti rẹ̀.

3. Balùwẹ̀ ló ń pa àgò náà jù.

Nígbà tí wọ́n kọ́ Baixa, kò sí balùwẹ̀ nínú yàrá. Òtẹ́ẹ̀lì òde òní fẹ́ kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: yàrá mẹ́fà lórí àjà kan, àjà mẹ́rin, ìyẹn balùwẹ̀ mẹ́rìnlélógún nínú ilé tí wọ́n kọ́ láìrò ọ̀kan.

Páìpù ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́ fẹ̀ tó mìlímítà 110. Igi inú frontal fúnra rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí méjìlá lọ lọ́pọ̀ ibi. Kò sí bí ẹ ṣe lè rì páìpù yìí sínú ògiri náà kí ẹ má gé X já. Bí páìpù bá tún ní láti rin mítà mẹ́rin lábẹ́ ilẹ̀ kó tó dé ibi tó ti ń sọ̀kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dàgẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí mẹ́jọ kí ìdọ̀tí má bàa dúró sínú rẹ̀, nítorí náà pulọ́ńbà á gé orí igi àjà bó ṣe ń lọ. Igi àjà tí wọ́n gé ìdá mẹ́ta ìnípọn rẹ̀ sọnù kì í ṣe igi àjà mọ́. Ìyókù kàn ń retí ọjọ́ ni.

Lẹ́yìn gígé ni omi. Páìpù tó wà nínú ògiri máa ń jò láìsí ẹni tó mọ̀. Táìlì kò jẹ́ kí omi jáde síwájú, ìrẹ́ sìmẹ́ǹtì kò jẹ́ kó gbẹ lẹ́yìn. Ẹfun àtijọ́ máa ń mí, sìmẹ́ǹtì kì í mí, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ǹtì dípò ẹfun níbi púpọ̀ nítorí pé ó yá. Igi tí omi inú rẹ̀ bá ti kọjá ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ti di oúnjẹ olú àti ikán. Ibi tó máa kọ́kọ́ lọ ni ẹsẹ̀ igi ìdúró, níbi tó ti jókòó lé igi àjà. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún un: igi tó yè á dún kó, ọ̀bẹ á padà, èyí tó ti jẹrà, ọ̀bẹ á wọlé bí ẹni ń gún iṣu sísè. A ti rí ibi tí ìrẹ́ ṣì funfun balau níwájú, tí igi ẹ̀yìn rẹ̀ ń dà bí eérú sìgá.

Ọ̀nà tó tọ́ wà. Kí balùwẹ̀ to ara wọn léra láti òkè dé ilẹ̀, nítòsí saguão, ihò ìmọ́lẹ̀ tóóró tó wà láàárín àwọn ilé náà. Kí páìpù dúró níwájú ògiri nínú àpótí tí wọ́n lè ṣí, kì í ṣe nínú ògiri. Kí ilẹ̀ balùwẹ̀ ga ju ti yàrá lọ ní àtẹ̀gùn kan, kí páìpù lè dàgẹ̀rẹ̀ lórí igi àjà láìgé e. Ẹni tó sanwó yàrá á gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹ̀gàn kan tún wà tó ń dun àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí. Nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n á ha ìrẹ́ kúrò lára frontal kan ní yàrá oúnjẹ àárọ̀, wọ́n á fi òróró pa igi X, wọ́n á tan iná sí i kí àlejò lè rí "ọgbọ́n àwọn ará àtijọ́". Èyí tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ wà, àwọn ìyókù ti lọ sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí.

4. Ilé ìtajà ìsàlẹ̀.

Àgò kò dé ìsàlẹ̀. Òpó òkúta, ọ̀nà olórí róbótó àti àjà bíríkì tó tẹ̀ bí ikùn igbá ló wà níbẹ̀, kí iná ilé ìtajà má bàa gun òkè. Òǹtajà fẹ́ gíláàsì fífẹ̀, nítorí náà wọ́n yọ òpó kan, wọ́n gbé irin gbọọrọ kan sí i lókè. Irin náà gbé ẹrù tó ń ti òkè wá, kò sírọ́ níbẹ̀. Èyí tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá ni kò lè gbé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ni ìmìtìtì ilẹ̀ ti ń ti ilé. Ilé á wá dà bí ẹni tí igbá àyà rẹ̀ le, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ ṣí i, kí ó jẹ́ férémù irin tó yí ká, òpó irin méjì, irin òkè, irin ìsàlẹ̀, tí wọ́n jó pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irin òkè nìkan kò tó.

5. Kọnkéré.

Ilẹ̀ pákó pẹ̀lú àjà abẹ́ rẹ̀ kì í sábà tó kílò 100 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15 jẹ́ bíi kílò 375. Nínú yàrá mítà onígun mẹ́rin 20, ẹ ti fi kílò 5,500 kún un, ẹ sì máa sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye yàrá àti iye àjà. Bí ilé bá ṣe wúwo tó ni ìmìtìtì ṣe ń fà á tó. Kí wọ́n fi pákó kejì kàn sórí ti àkọ́kọ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀pá irin so igi àjà mọ́ ojú ilé. Ó fúyẹ́, ó sì le. Àjà tí wọ́n ń fi kún òkè òrùlé náà wà nínú ẹ̀sùn yìí. Maia fẹ́ kí gíga ilé bá ìbú òpópónà mu. Òpópónà ńlá bíi Rua Augusta jẹ́ bíi mítà 13. Kò ṣẹ bó ṣe fẹ́ nígbà náà pàápàá, ẹ sì ń fi kún un lónìí.

6. Omi abẹ́ ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ibi tí Baixa jókòó sí, apá odò ni tẹ́lẹ̀. Omi méjì ló ń ṣàn wá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀nà tí Avenida da Liberdade wà báyìí, ọ̀kan láti apá Arroios. Ẹrẹ̀, iyanrìn àti àlàpà 1755 ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Nítorí èyí, àwọn tó kọ́ ọ gún òpó igi páìnì kéékèèké sínú ilẹ̀, bíi mítà kan àtààbọ̀ ní gígùn, wọ́n fi igi ìdábùú bò ó lórí, wọ́n sì gbé ògiri lé e. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i kó lọ sí Núcleo Arqueológico ní Rua dos Correeiros. Òpó náà wà níbẹ̀ lábẹ́ ilé báńkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kòtò tí àwọn ará Róòmù ti ń fi iyọ̀ pa ẹja.

Igi tó wà nínú omi pátápátá kì í jẹrà, nítorí afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá lọ sílẹ̀ tí orí igi yọ síta, ọjọ́ yẹn ni jíjẹrà bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pọ̀ sí i níbi tí omi ti ń lọ tó ń bọ̀, nítorí ó ń rí omi, ó sì ń rí afẹ́fẹ́. Ilé á wá rì ní igun kan ṣoṣo. Ìlà sísán á gba ojú fèrèsé kọjá bí àtẹ̀gùn, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Pé omi ṣì wà lábẹ́ Baixa, ẹ̀yin náà mọ̀: ihò àwọn ará Róòmù lábẹ́ Rua da Prata kún fún omi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ fi pọ́ǹpù fà á kí àwọn èèyàn tó lè wọ̀ ọ́ lọ wò fún ọjọ́ díẹ̀. Pé iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ lè da omi yìí rú, ẹ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2000 ni omi ya wọ ihò rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Terreiro do Paço. Ibùdókọ̀ náà kò ṣí títí di oṣù kejìlá 2007. Láti ìgbà náà, ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀, yàrá abẹ́ ilé àti pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru kò dín kù. Ihò omi òjò láti Monsanto lọ sí Santa Apolónia, bíi kìlómítà 5, iṣẹ́ tó dára ni, nítorí àgbàrá ti da Baixa láàmú tó. Ohun tí a ń béèrè ni pé: ta ló ń wọn omi abẹ́ ilẹ̀ ní igun agbo ilé kọ̀ọ̀kan, níbo sì ni ará ìlú ti lè ka nọ́ńbà rẹ̀?

7. Agbo ilé ni, kì í ṣe ilé kọ̀ọ̀kan.

Ilé mẹ́fà, mẹ́jọ ló jọ wà nínú agbo kan láàárín òpópónà mẹ́rin, wọ́n jọ ní ògiri, wọ́n fara ti ara wọn. Ìwé àṣẹ yín ń wo ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó dá dúró sínú oko. Bí ẹnìkan bá sọ inú tirẹ̀ di kọnkéré líle gbagidi, ilé rẹ̀ kò ní mì ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti aládùúgbò, yóò sì máa fi èjìká gbá a títí ìkan nínú wọn yóò fi ya. Kò sí ẹnjiníà aládùúgbò tí wọ́n pè sí ìpàdé náà.

Ògiri guarda-fogo, èyí tó yọrí kọjá òrùlé láàárín ilé méjì, iná ni wọ́n kọ́ ọ fún. Wọ́n ń lu ihò sí i kí ilé méjì lè di òtẹ́ẹ̀lì kan. Ṣé a ti gbàgbé ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1988 ni? Iná bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìtajà Grandella, ó sì jó ilé méjìdínlógún ní Chiado, àdúgbò tó fara kan Baixa. Àwọn ohun tí wọ́n gbé sójú Rua do Carmo kò jẹ́ kí ọkọ̀ panápaná ráyè kọjá. Kí ẹ wo tábìlì ilé oúnjẹ tó wà ní Rua dos Correeiros lónìí kí ẹ sì wọn àlàfo tó kù láàárín wọn.

8. Ìwé wà, àwa ò sọ pé kò sí.

Láti 1978 ni òfin ti dáàbò bo Baixa, láti 2004 ni orúkọ rẹ̀ ti wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Pọ́túgàl fẹ́ gbé síwájú UNESCO, 2011 sì ni ètò ààbò rẹ̀ jáde. Òfin 53/2014 sọ pé kí ẹni tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe má dín okun rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé e kó fi okun kún un. Ọdún márùn-ún gbáko ni iṣẹ́ fi lọ báyìí, àwọn ọdún tí owó òtẹ́ẹ̀lì ń ya wọlé gan-an. Nígbà tó di 2019, òfin 95 àti ìlànà 302 dé: bí iṣẹ́ bá kọjá ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ààyè ilé, tàbí ìdá 25 owó tí wọ́n ó fi kọ́ tuntun, tàbí tó bá yí ìdúró ilé padà, tàbí tí ilé bá ti ń fi àmì ìbàjẹ́ hàn, kí wọ́n ṣe ìwé àyẹ̀wò ìmìtìtì. Bí okun ilé kò bá tó ìdá 90 ohun tí Eurocode 8, ìlànà Yúróòpù fún kíkọ́ ilé tó lè fara da ìmìtìtì, béèrè, kí wọ́n fi okun kún un.

Ó dára púpọ̀. Ọgbọ́n tó ń ba òfin yìí jẹ́ rọrùn: ìdá 20 lọ́dún yìí, ìdá 20 lọ́dún tó ń bọ̀, òmíràn lẹ́yìn náà, kò sí èyí tó kọjá ìlà. Òfin 10/2024 tún wá tú ìdè lórí iṣẹ́ inú ilé tí ẹnjiníà bá ti fọwọ́ sí pé kò pa ìdúró ilé lára. Ẹni tí oníilé ń sanwó fún ni ẹnjiníà náà. Ògiri tí ó pè ní tabique nínú ìwé, ta ló ha ìrẹ́ rẹ̀ wò?

Ìwé ààbò lásán kì í gba ilé là, àwa ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n lójú ara wa. Bahia ní Brazil wà lára àwọn ilẹ̀ tí adé Pọ́túgàl bu owó lé lórí láti tún Lisbon kọ́, owó ilẹ̀ tí ẹrú ń ro. Láti Bahia kan náà ni àwọn Àgùdà ti gbé iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà àti bíríkìlà wá sí Èkó. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Tinúbù jẹ́ ọ̀kan nínú irú ilé wọn, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án 2016, katakata wó o palẹ̀. Ìwé ìkéde náà ṣì wà nínú fáìlì.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí, kò sì sí èyí tó nílò òfin tuntun láti ilé aṣòfin:

Kí ìwé àṣẹ kankan má jáde fún iṣẹ́ inú ilé ní Baixa láìsí fọ́tò ojú ibi méjì tí wọ́n ha lára ògiri kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ yọ tàbí gé, tó ní ìwọ̀n àti déètì, tí òṣìṣẹ́ ìlú fúnra rẹ̀ sì ti lọ wò.

Kí wọ́n máa ro iṣẹ́ pọ̀ fún ọdún mẹ́wàá lórí ilé kan, kí ìdá 20 mẹ́ta má máa jẹ́ ìdá 20.

Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní fáìlì kan: frontal tó kù lórí àjà kọ̀ọ̀kan, òpó ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti yọ, guarda-fogo tí wọ́n ti lu, ilẹ̀ tí wọ́n ti sọ di kọnkéré. Ẹ ní ReSist, ètò ìlú yín lórí okun ilé nígbà ìmìtìtì ilẹ̀; ibẹ̀ ni kí fáìlì yìí wà. Ọdún tí wọ́n kọ́ ilé nìkan kò sọ ohun tó kù nínú rẹ̀.

Kí ẹ gbẹ́ páìpù ìwọn omi sí igun agbo ilé kọ̀ọ̀kan: páìpù tóóró, ihò kéékèèké lápá ìsàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́. Kí wọ́n máa wọn ín nígbà tí odò Tejo kún àti nígbà tó fà, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì hàn fún gbogbo ayé lóṣooṣù. Ibi tí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju orí òpó igi lọ, kí pọ́ǹpù tó wà nítòsí dúró ná.

Kí páìpù ìdọ̀tí nínú frontal di èèwọ̀ láti òní lọ. Èyí kò gba owó kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìlú.

Kí ẹ sì dá owó orí padà díẹ̀ fún oníilé tó bá dá frontal tó sọnù padà pẹ̀lú igi gidi àti ẹfun, tàbí tó so igi àjà rẹ̀ mọ́ ojú ilé. Àwọn oníilé kéékèèké wà tó fẹ́ ṣe é, tí apá wọn ò ká a, pàápàá àwọn tó ṣì ń gbé níbẹ̀. Wọn ò pọ̀ mọ́: Santa Maria Maior, ẹ̀ka ìlú tí Baixa wà nínú rẹ̀, tó ní èèyàn bíi 12,800 ní 2011 ti já wá sí bíi 10,000 ní 2021.

Gbangba la kọ tiwa sí. A ń retí èsì yín ní gbangba, ní kíkọ, kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Kí fọ́tò ògiri àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ yín lọ wò wà nínú rẹ̀.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ igi, òkúta àti ẹfun ilé àtijọ́.